Ẹ̀rọ Tí Ó Dákẹ́ ní Ilé Bàbá Bámilóyè

Ní òpópónà Pedro, láàárín ẹni tí ń ta aṣọ fèrèsé àti ẹni tí ń lọ ata, Moshood Ọdẹ́túnjí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí áńpù àtijọ́ kún inú rẹ̀ dé òkè àjà. Ọmọ Bàrígà ni. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó di télọ̀ bíi tòun, ṣùgbọ́n láti kékeré ni etí rẹ̀ ti ń fà á lọ síbòmíràn. Bí rédíò aládùúgbò bá ń kọrin, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà onírédíò títí ìyá rẹ̀ yóò fi wá mú un lọ́wọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ ní Fádèyí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń tún rédíò ṣe, ó sì gba fíríìdọ̀mù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sídìí títún fóònù ṣe. Òun kò kúrò nídìí àwọn ẹ̀rọ olórin ayé ìgbà kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Moshood Ayé-Àtijọ́, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ẹ̀rọ onípákó pẹlẹbẹ kan wọlé tọ̀ ọ́ wá láti Obanikoro. Ayọ̀kúnnúmi ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ káàsán sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń tún irú èyí ṣe."

"Ẹ káàsán mà." Moshood nu eruku orí ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Háà! Píríáńpù nìyí! Ta ló tọ́jú ẹ̀ báyìí?"

"Bàbá mi ni. Ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ó máa ń kùn."

Ohùn tí abẹ́rẹ́ ń rí gbà lára àwo orin kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Píríáńpù ló ń gba ohùn tín-ín-rín náà, tí ó ń tọ́ ọ dàgbà kí ó tó fà á lé áńpù lọ́wọ́, kí áńpù tó fi í ránṣẹ́ sí sípíkà. Bí píríáńpù bá wá ní ariwo tirẹ̀ nínú, ariwo náà yóò bá ohùn dàgbà pọ̀ bí ìbejì.

Ayọ̀kúnnúmi jókòó, ó sì sọ ohun tí ó gbé e wá. Ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọ náà ṣe àwo orin kan ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá bí Ayọ̀kúnnúmi, tí ó sì kú kí ọmọ tó rá. Kò sí ibòmíràn láyé tí ohùn rẹ̀ wà.

"Gbogbo wọn ló ń kọrin pọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀rọ yìí sì ń kùn mọ́ wọn. Mo ti ń gbọ́ àwo yẹn láti kékeré, n ò mọ èyí tó jẹ́ ìyá mi nínú wọn. Bàbá mi nìkan ló lè sọ pé, òun nìyí. Etí wọn sì ti ń lọ. Apá kan ti dí pátápátá. Bí èkejì náà bá dí, ó tán nìyẹn."

Moshood yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò. "Kíkùn yẹn, màá gbìyànjú ẹ̀. Ohùn ìyá yín, n ò lè ṣèlérí ẹ̀ o."

Nígbà tí ó tú ẹ̀rọ náà, ó rí i pé kì í ṣe àtúnṣe lásán ni yóò gbà á. Àwọn kápásítọ̀ inú rẹ̀, tí ń mú kí iná dúró ṣinṣin, ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é gan-an ti gbé tiransifọ́mà, tí ń gba iná wọlé, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ohùn abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá. Ó dà bí ẹni tí ó tẹ́ ọmọ tuntun sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Moshood pinnu láti yọ tiransifọ́mà náà kúrò, kí ó kọ́ ilé mìíràn fún un lóde.

Ó ní kí wẹ́dà kan ṣe àpótí irin tí ó nípọn. Fún ìbòrí ọ̀nà ohùn, ó lọ sọ́dọ̀ Awwal, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Àwọn atẹ̀wé a máa ní pulétì tí wọ́n ti lò tán, pánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwòrán ìwé ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ayé-Àtijọ́!" ni Awwal kí i. "Pulétì ìwé ìsìnkú òkú lo fẹ́ àbí ti ìgbéyàwó?"

"Èyí tí kò bá ti ní ihò."

"Gba ti òkú. Òkú kì í pariwo."

Moshood gé pánù náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi òjé lẹ wáyà kọ̀ọ̀kan lákọ̀tun. Bàbá Bámilóyè, bàbá Ayọ̀kúnnúmi, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ní kí ọmọ òun gbé òun wá wò ó. Ó bá ẹ̀rọ náà ní títú sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí! Mo ní kí o wò ó sàn, n ò ní kí o yọ ìfun ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹnì kan ló ń hanrun nínú ilé yìí tí ò jẹ́ kí àwọn yòókù sùn. Òun ni mo ní kó lọ gba yàrá tiẹ̀."

Bàbá wo àpótí irin náà títí. "Ṣé yóò sì padà jí?"

"Á jí, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Moshood dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, orin sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta kì í sinmi ní Pedro, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò. Kò mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni ó gbé e lọ sí Obanikoro. Iná wà, àdúgbò sì parọ́rọ́. Ó so gbogbo wáyà pọ̀ mọ́ ṣénjà tí ń yí àwo orin, áńpù àti sípíkà Bàbá, ó sì tan iná.

Ní agbègbè wa, kò sẹ́ni tí ń gbẹ́kẹ̀ lé gílóòbù pupa ojú ẹ̀rọ. Etí ni a máa ń gbé lé sípíkà. Bí ó bá ṣe hùn-ùn, ó wà láàyè. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó gbé etí rẹ̀ tí ó kù lé e. Ó dúró. Ó gbórí sókè.

"Ó ti kú."

Ayọ̀kúnnúmi náà gbé etí lé e. "Bàbá, n ò gbọ́ nǹkan kan."

Moshood bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí tirẹ̀ lé e. Kò gbọ́ ju ìlùkìkì àyà ara rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹ̀rọ tí ó gbọ́ rí tí kò kùn rárá. Ó yí fọ́lúùmù sókè. Kò sí nǹkan kan.

"Mo mọ̀ ọ́n!" ni Bàbá ké. "Ẹ ti pa á! Àádọ́ta ọdún ni mo fi tọ́jú ẹ̀ o!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tú u wò."

Ó ti mú sukurudíráfà lọ́wọ́ nígbà tí Ayọ̀kúnnúmi wí pé, "Abẹ́rẹ́ ń kọ́? A ò tíì gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo."

Moshood fi ọwọ́ kejì gbé e sí i.

Ìró kékeré kan kọ́kọ́ jáde, bí òjò tí ń kán sórí ewé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí nínú ilé náà. Àwọn akọrin mí. Gbogbo wọn jọ fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n dúró sí ẹ̀yìn àga, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sùn nínú ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Orin sì bú jáde débi pé Bàbá ta sẹ́yìn. Moshood sáré yí fọ́lúùmù wálẹ̀, sukurudíráfà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ohùn kò rọ́ lura wọn mọ́. Ẹnì kan wà lápá òsì, ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan ń wú ikọ́ lókèèrè. Moshood fẹ́ tún fọ́lúùmù yí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí ó já wọ ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. "Sùbùhánálláhì," ni ó wí wẹ́rẹ́.

Bàbá Bámilóyè na ìka kan sókè. Ìka náà gòkè bí ohùn kan ṣe ń gòkè, ó sọ̀ bí ó ṣe ń sọ̀. Nígbà tí ohùn náà dákẹ́ fún àwọn ọkùnrin, ìka dúró nínú afẹ́fẹ́, ó ń dúró dè é. Ó padà wọlé, ìka sì mì. Ayọ̀kúnnúmi ń wo ìka, ó ń gbọ́, títí orin fi parí.

"Ẹ tún un gbé sí i," ni ó wí.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀. Ayọ̀kúnnúmi di ojú. Àwọn akọrin mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀, òun kò sì mira. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó na ìka tirẹ̀ sókè.

"Òun ni," ni Bàbá wí. "Òun náà ni."