Akéwì Òyìnbó Tó Bá Wa Lọ Tọrọ Ìyàwó n'Íkirè

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Èmi tó ṣojú mi gan-an, mo ṣì ń bi ara mi bóyá àlá ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Àpòmù, olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Akéwì òyìnbó kan tó ti kú láti bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ló sọ di ẹbí. Ẹ kí i pé ẹ kú àárọ̀, akéwì yẹn ni yóò fi dá yín lóhùn. Ó mọ ohun tí bàbá akéwì ń tà, ó mọ iṣẹ́ tí ìyàwó akéwì ń ṣe láàfin. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ta ló bí bàbá tirẹ̀, yóò ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun pe ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó wà n'Íkòyí.

Ọmọkùnrin rẹ̀ wá rí ọmọge kan n'Íkirè, ọmọ ilé Mùsùlùmí. Ìyá àgbà ilé náà ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá yìí kan náà ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àṣà wọn ni pé bàbá ọkọ yóò jókòó lórí ẹní iwájú, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ilé rẹ̀: ta ló bí ta, kí ni wọ́n ń ṣe jẹ. Bí ìròyìn náà kò bá tẹ́ ìyá lọ́rùn, ó parí nìyẹn. Ọmọ ti bẹ bàbá títí: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ilé tiwa nìkan ni kẹ́ ẹ sọ."

Nígbà tí a débẹ̀, ìyá àgbà ṣì ń kírun alásárì lọ́wọ́ nínú yàrá. Bàbá ìyàwó ní, "Tíṣà, wọ́n ní ẹ mọ ìtàn. Ẹ sọ ọ̀kan fún wa kí màmá tó jáde." Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe ọ̀bọ wá sóko àgbàdo. Ọ̀rẹ́ mi tún agbádá ṣe lórí ẹní iwájú, ó gbé akéwì kalẹ̀. Ó ti rin ìtàn jìnnà kí ìyá tó jáde, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà. Lójú ìyá, ẹni tó bá ti jókòó sórí ẹní yẹn, ilé rẹ̀ ló ń ròyìn. Mo tẹ ọ̀rẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò bí ẹni tí èèrà jẹ.

"Ọtí ni bàbá rẹ̀ ń tà," ló ń wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Òun náà lọ sógun, wọ́n mú un lẹ́rú, ọba ló fowó rà á padà. Ó wá ń gba owó ibodè lórí irun àgùntàn, ọba sì ń bu ọtí fún un lójoojúmọ́."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ ìyá. "Ó tó," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ẹ máa lọ sílé, ẹ ó gbúròó wa." Kí n tó la ẹnu ṣàlàyé, wọ́n ti wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Nínú ọkọ̀, ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i bí màmá ṣe ń tẹ́tí? Ìtàn yẹn wọ̀ wọ́n lára."

"Ó wọ̀ wọ́n dé eegun," ni mo wí. "Ilé tìrẹ ńkọ́?"

"Ṣé ìyẹn náà le ni? A ó sọ ọ́ lọ́jọ́ ìdána."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá ìyàwó gun ọ̀kadà wá bá wa nílé ọ̀rẹ́ mi, ó gbé oyin àti obì tí a gbé lọ fún wọn padà. "Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní tó bá ṣe ti ọtí nìkan ni, àwọn ì bá bá yín ṣàdúà sí i. Àmọ́ ìdílé tí wọ́n rà padà lẹ́rú, àwọn ò lè fọ́mọ fún."

"Àbúrò, òyìnbó lẹni tí mò ń sọ," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Tíṣà, òyìnbó ló bí yín?"

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi jáde láti yàrá, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kàn na fóònù sí bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà n'Íkòyí ti wà lórí ìlà, ó ń ṣe hẹ̀lóò, hẹ̀lóò.

Ọ̀rẹ́ mi gbà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ta ló bí bàbá wa?"