Àkísà Pupa Tó Wà Lọ́rùn Ìgò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láàyè kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan lónìí. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ojú ṣì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Ẹ mọ̀ pé mi kì í sinmi àtimáa gbé fọ́tò kéèkì sórí péèjì yìí. Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ kéèkì ṣíṣe. Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, tí mo fẹ́ lọ sílé lọ́dọ̀ wa létí omi, nítòsí Òde Mahin, mo pe Bùnmi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó má wulẹ̀ ra kéèkì fún ìdúpẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni màá ṣe é. Ọdún méje ni Bùnmi fi wá ọmọ yìí o. Kí n tó délé, Bùnmi ti sọ fún gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé Àǹtí òun ń bọ̀ wá ṣe kéèkì.

Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Wọ́n ti bí mi sílé kó tó di ìyàwó ilé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa dùn mí jù.

Mo délé, mo tú ẹrù, kò sí bọ́tà. Inú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé wa láti Ìgbókòdá ni mo gbàgbé rẹ̀ sí, ọkọ̀ sì ti lọ. Ọjọ́ Kérésì nìyẹn, ọjọ́ kejì ni ìdúpẹ́. Ta ni yóò ta bọ́tà fún mi? Màmá ní kí n lo àdí àgbọn tí òun sè fúnra òun. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kéèkì ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe irun. Mo mọ̀ pé òróró lè rọ́pò bọ́tà, wọ́n kọ́ wa, kó má kàn pọ̀ tó bọ́tà ni.

Mo wọ ilé ìdáná, mo rí ìgò òróró kan, ó ń dán, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin. Wọ́n so àkísà pupa kan mọ́ ọn lọ́rùn. Àkísà náà dọ̀tí lójú mi. Mo tú u, mo ń fi gbé ìkòkò gbígbóná. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀fìnkìn tún ti dí mi nímú, mi ò gbóòórùn nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará omi ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ẹja díndín ni Bùnmi ń tà. Òróró tó bá ti fi dín ẹja, á sẹ́ ẹ, á dà á sígò, á so àkísà pupa mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà fi se nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọdé inú ilé mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti pẹ́ nílùú òkè nìkan ni mi ò mọ̀.

Mo yan kéèkì náà nínú ìkòkò ńlá tí mo da iyanrìn sí nídìí. Ó wú, ó pọ́n dáadáa. Mo ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló láìkì rẹ̀!

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gé kéèkì nílé wa. Ẹnu gbogbo èèyàn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà kan wá rọra béèrè bóyá ẹja wà nínú rẹ̀, torí òun fẹ́ràn ẹja. Ẹ̀rín sọ, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Ibo ni mo fẹ́ fojú sí? Dípò kí n gbà pé mo ṣàṣìṣe, Bùnmi ni mo yíjú sí, níṣojú àlejò rẹ̀, lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo ní òun ló gbé òróró ẹja kalẹ̀ láìfi àmì sí i. Mo ní ọ̀bùn ni. Mo sọ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ.

Bùnmi wò mí. Ó mọ̀ dájú pé òun so àkísà náà. Ó kúnlẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn, ó ní kí n má bínú, bóyá òun gbàgbé ni. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í mirí sí i. Mo sì gba ẹ̀bẹ̀ náà. Ẹ gbọ́ o, mo gbà á.

Nígbà tí àlejò ti lọ tán, a wà nílé ìdáná, Màmá fẹ́ da iyanrìn inú ìkòkò nù. Àkísà pupa rèé lára ọwọ́ ìkòkò náà, níbi tí mo fi í sí. Màmá wò ó, ó wò mí. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọma mi, ta ló tú èyí?"

Bùnmi ló dáhùn, ó ní bóyá ó já fúnra rẹ̀ ni. Ó ṣì ń bò mí láṣìírí! Omijé bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú, ó ní ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ.

Àmọ́ kò tíì tán. Ojú gbogbo ayé ni mo ti bú u, inú ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ṣé ìyẹn dọ́gba? Obìnrin tó wá ọmọ fún ọdún méje, ọ̀bùn ni wọ́n ń pè é báyìí lọ́dọ̀ wa nítorí ẹnu mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé bí o bá dé ilé tí o ti pẹ́ jìnnà sí, béèrè kí o tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí o bá sì ba nǹkan jẹ́, má wá ẹni tí kò lè fèsì láti di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ru ẹ̀bi yín rí tí ẹ sì dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ojú má ti èmi nìkan.

Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ka péèjì yìí, àwọn ni mo tìtorí wọn kọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá mi, Bùnmi so àmì mọ́ ìgò rẹ̀. Èmi ni mo tú u. Bùnmi, má dì mí mú mọ́. Mo kúnlẹ̀, níṣojú gbogbo wọn.