Eéwo Bàbá Onílẹ̀ àti Ẹ̀rọ Ìsọ̀rọ̀ Mátírọ́ọ̀nù

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀jọ́ sí Ìbà, nọ́ọ̀sì tuntun ni mí. Epo rọ̀bì ń pawó fún ìjọba nígbà náà, ìjọba sì ń wá ohun tí yóò fi owó náà ṣe. Wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó gba Òkokomáíkò lọ sí Àgbádárìgì, katakata ń ké láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, eruku rẹ̀ sì ń wọlé wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fún wa ní dókítà láti Íńdíà. Wọ́n fún wa ní fíríìjì tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, Mátírọ́ọ̀nù sì ń tọ́jú ẹja rẹ̀ sẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ohun tí wọn kò fún wa ni bí a ó ṣe máa gbọ́ ara wa yé.

Dókítà náà mọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mátírọ́ọ̀nù ní tirẹ̀, obìnrin Abẹ́òkúta kan tó gbà pé òun nìkan ló kàwé ní gbogbo agbègbè náà, kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó ní kí ọ̀gá máa béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àbùkù ni. Torí náà, bí Dókítà bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo wa á ní "Yẹ́sà," a ó sì bọ́ sí kọ́rídọ̀ láti bi ara wa pé kí ló wí.

Bí a ṣe lé awakọ̀ kan lọ sílé nìyẹn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, típà oníyanrìn ló ń wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbọgbẹ́, ó sì ń ṣọyún. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la fi í sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dókítà sọ fún wọ́ọ̀dù méèdì wa, obìnrin Ègùn kan tó ń gbálẹ̀ yàrá àwọn aláìsàn, pé kí wọ́n bá òun wo dìsíṣáàjì ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọyún tó ń jáde lójú ọgbẹ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n dìsíṣáàjì náà ni wọ́n ń pè é bí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Wọ́ọ̀dù méèdì jíṣẹ́ fún Mátírọ́ọ̀nù, Mátírọ́ọ̀nù ní kí ọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó kí gbogbo wa, ó sì ń tiro lọ.

Dókítà dé lọ́sàn-án, ó bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin náà ti kú ni. Nígbà tó gbọ́ pé ilé la ní kó lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó sì sọ èdè ìlú wọn fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀.

Wọ́n rán èmi àti wọ́ọ̀dù méèdì lọ wá a ní Òkokomáíkò. Gáréèjì la ti bá a. Ó na ẹsẹ̀ sórí táyà, ó ń jẹ dòdò, ó sì ń ròyìn fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bí oògùn òyìnbó ṣe ń yára ṣiṣẹ́. Mo ní kó dìde, ká padà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé àìsàn mi ló yí ọkàn padà ni, àbí ẹ̀yin?"

Típà ọ̀rẹ́ rẹ̀ la fi gbé e padà.

Mátírọ́ọ̀nù kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ní a kò ní ẹ̀rọ ni. Ó lọ bá àwọn ọ̀gá ní Ìkẹjà, wọn kò sì jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ohun tí wọn yóò rà ni wọ́n ń wá. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ fi dé: àpótí kékeré kan lórí tábìlì Dókítà, òmíràn lórí tábìlì Mátírọ́ọ̀nù, àti gbohùngbohùn kan lára ògiri níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, kí a lè máa fi pè wọ́n. Bọ́tìnì pupa ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ Dókítà, aláwọ̀ ewé ń gbé e lọ síta. Ọkùnrin tó wá so ó mọ́ ògiri ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù mi orí. Kò bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, bàbá kan láti Ìbà wà lára àwọn tó ń dúró. Ó nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó sì mọ̀ pé ó nílẹ̀. Bẹ́ǹṣì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó. Bí mo ṣe ń kọjá, ó ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé nǹkan kan kò ṣe òun, òun kàn wá wo bí ìjọba ṣe ń náwó ni. Mo wọlé lọ bá Dókítà, torí èmi ni mo ń túmọ̀ fún un. Àpótí orí tábìlì rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Láti ìta ni mo ti gbọ́ ohùn Mátírọ́ọ̀nù, ó kún gbogbo ilé:

"Nọ́ọ̀sì, sọ fún Dókítà pé bàbá onílẹ̀ tí mo yẹ̀ wò lánàá ti dé. Eéwo ìdí rẹ̀ ti tó ọsàn. Kò lè jókòó, ìgbéraga ló fi ń bò ó."

Gbogbo ìta bú sẹ́rìn-ín. Dókítà bi mí pé kí ni Mátírọ́ọ̀nù wí, mo ní ó ní aláìsàn kan wà níta.

A jáde. Mátírọ́ọ̀nù náà jáde, ó fẹ́ mọ ẹni tó ń pariwo nílé ìwòsàn òun. Mo sọ ọ́ fún un létí. Ojú rẹ̀ yí padà, ó wo ọ̀ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni pé bọ́tìnì yóò jáde wá jẹ́rìí fún un. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. N kò rí i kó kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bọ́tìnì ni mo ṣì tẹ̀."

Mo rò pé Bàbá yóò gbé wa ṣépè.

"Bọ́tìnì kọ́ ló sọ pé ó tó ọsàn," ó ní. "Kò tó bẹ́ẹ̀. Àgbálùmọ̀ ni."

Òun gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà fa eéwo, ó sì di ògiri mú. Dókítà là á láàárọ̀ yẹn. Bí Bàbá ṣe dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí n lọ wò ó bóyá wọ́n ti pa ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tó sàn, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà kiri Ìbà, àwọn ọkùnrin tó ti ń pa eéwo tiwọn mọ́ra sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí wa.

Dókítà wá kó gbogbo wa jọ. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn nìkan ti tó ìyanu. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tí a bá rán níṣẹ́ yóò kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ náà padà fún ẹni tó rán an, kó tó gbé ẹsẹ̀. Ó ní òun náà yóò máa ṣe é. Mátírọ́ọ̀nù kórìíra àṣẹ náà bí ẹni tó ń lá ewúro. Ṣùgbọ́n ó ṣe é, a sì wá rí i pé nínú gbogbo ohun tí a ti ń jẹ́ "Yẹ́sà" sí, èyí tí a gbọ́ kò pọ̀.

Ẹsẹ̀ awakọ̀ náà jinná. Aláǹgbá wọ inú gbohùngbohùn, a kò sì tún un ṣe. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Mátírọ́ọ̀nù àti Dókítà ti ń gbọ́ ara wọn yé débi pé wọ́n lè jà, ìjà gidi, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Àwa yòókù á dúró sí kọ́rídọ̀, a ò ní láti bi ara wa léèrè ohunkóhun.