Alùpùpù Àlòkù Tí Yóò Gbé Wa Dé Ẹ̀fọ̀n

Òórùn kẹrosíìnì ló jí mi láàárọ̀ ìjẹta. Tóyìn, ọmọbìnrin àbúrò mi, tíṣà ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìkogòsì, ló bá ra alùpùpù àlòkù. Ó tú ṣéènì rẹ̀ sínú abọ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lábẹ́ fèrèsé mi. Bí òórùn yẹn ṣe wọ imú mi báyìí, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì làágùn. Ẹ má tíì fi mí ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi.

Nígbà tí mò ń wí yìí, mi ò tí ì pé ogún ọdún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìjerò. Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, Màmá Ẹ̀fọ̀n là ń pè wọ́n. Ọdún keje ti ń lọ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò fojú kan ara wọn, nítorí pé bí ìyá mi bá ti wọ mọ́tò, kí ó tó kúrò ní gáréèjì ni wọ́n ti ń bì. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé ojú Màmá Ẹ̀fọ̀n ń kú lọ. Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí ojú mi kí ojú wọn tó fọ́ pátápátá."

Èmi ni mo la ẹnu gbòòrò pé màá fi alùpùpù gbé wọn lọ, afẹ́fẹ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n bì. Mi ò gun alùpùpù rí.

Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Ìlórò. Owó rẹ̀ rọjú gan-an, ó sì jọ ohun tí owó rẹ̀ rọjú. Bọ̀dá Mùrí, mẹkáníìkì ará Ìwó tó fi Ìjerò ṣelé, ló bá mi tú u palẹ̀. A pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn tó ti dán bí orí apárí, a pààrọ̀ bíréèkì, púlọ́ọ̀gì àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì. A fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, a fi ọ́ìlì pa á. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń gùn ún yípo pápá ilé-ìwé, níbi tí kò sí òkè. Ẹ̀kọ́ kan ni Bọ̀dá Mùrí tẹnu mọ́: "Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, má ṣe bí àwọn tó ń pa ẹ́ńjìnnì kí epo má bàa tán. Fi í sí jíà kejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á dì í mú."

Nígbà tó yá, ó ní iṣẹ́ ti parí. Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, ìyá mi wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n so adìyẹ tí a ó gbé lọ lẹ́sẹ̀. Mo ní ṣéènì ń dún. Sátidé kejì, mo ní họ́ọ̀nù ò rinlẹ̀, tírélà ò ní gbọ́ mi. Sátidé kẹta, mo ní ta ló ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìní túúbù mìíràn lọ́wọ́? Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ìyá mi á tú adìyẹ, wọ́n á fún un lágbàdo, wọ́n á ká aṣọ wọn padà. Nígbà tí mo tún gbé alùpùpù padà lọ bá Bọ̀dá Mùrí, ó nu ọwọ́, ó wò mí.

"Àbúrò, gbogbo ohun tó wà lára máṣíìnì yìí la ti pààrọ̀ tán o. Ó ku ẹni tó ń gùn ún."

Àwọn tó jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Sátidé kẹrin la lọ. Títí dé Aramọkọ, mi ò mí dáadáa. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni òkè bẹ̀rẹ̀, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. A gun ọ̀kan. Bí mo ṣe rí i tí ọ̀nà dà sílẹ̀ níwájú mi, tírélà tó kó gẹdú fun fèrè lẹ́yìn wa. Mo di bíréèkì méjèèjì mú. Alùpùpù ò dúró. Òórùn nǹkan tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò mọ̀ pé mò ń kígbe Jésù, àfìgbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé o di ojú?"

Lóòótọ́, mo ti di ọ̀kan. Mo là á. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Mùrí sọ sí mi lọ́kàn, mo yí i sí jíà kejì. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ó sì fà wá sẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn fa ewúrẹ́ lókùn. Tírélà gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè ìyá mi. Adìyẹ nìkan ló pariwo jù mí lọ.

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí a dé Ẹ̀fọ̀n. Màmá Ẹ̀fọ̀n jókòó nínú yàrá, wọ́n na ọwọ́ síwájú.

"Ohùn rẹ nìyẹn," wọ́n ní, "àmọ́ inú ulé yìí ti ṣú fún mi. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣì ń rí ènìyàn níbí. Ẹ gbé mi síta, bóyá oòrùn á bá wa ṣe é."

Mo gbé àga síta. Màmá Ẹ̀fọ̀n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ìyá mi mú nínú oòrùn, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ó pẹ́.

"Háà, o ti darúgbó! O wá jọ yèyé wa!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òjìji ilé ń bọ̀. Bó bá ti kan ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á ní kí n sún àga síwájú. Mo sún un, mo tún sún un, títí àga fi kan ògiri àgbàlá, tí kò sí oòrùn mọ́ tí mo lè sún un bá.

Ayé ti yàtọ̀. Fóònù ń gbé ojú ènìyàn lọ sí òkè òkun lónìí kí ènìyàn tó yọ bàtà tán. Ìbẹ̀rù nìkan ni kò yàtọ̀. Ó ṣì máa ń di sùpánà mú, kó máa ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Alùpùpù yẹn ò bàjẹ́ rárá, àlọ àti àbọ̀. Ìyá mi ò sì bá mi wí lórí Sátidé mẹ́ta yẹn títí wọ́n fi kú. Ká ní wọ́n bá mi wí ni, ì bá ti tán lára mi.