Èèpo Ọsàn Inú Wáìnì

Òjò wẹẹrẹ ló ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ní Port Harcourt. Kì í ṣe èyí tó ń lu páànù, èyí tó kàn ń rin aṣọ orí okùn ni. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ọ̀gá ọkọ mi ń bọ̀ wá jẹun nílé wa lẹ́yìn ìsìn, ipò olórí akọ̀wé sì ṣófo níbi iṣẹ́ wọn. Ọkọ mi àti ọkọ ọ̀rẹ́ mi tó wà ní yàrá kejì ni wọ́n ń wò fún un.

Agbára wa kò ju wáìnì pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní wọ́ọ̀fù, etí omi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, lọ, èyí tó máa ń kan lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo máa ń fi í ṣe. Bó bá di ọ̀sán, màá dà á sínú ìkòkò amọ̀, màá fi ṣúgà, atalẹ̀ àti èèpo ọsàn sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, màá yọ èèpo náà, torí bó bá sùn síbẹ̀, wáìnì á korò bí ewúro. Lọ́jọ́ kejì, ó di inú jọ́ọ̀gù, kò sẹ́ni tó máa rí ìgò. Ọ̀rẹ́ mi yìí ni mo kọ́. Ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí, Píjìn yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, Àǹtí ló sì ń pè mí. Yíyọ èèpo nìkan ni kò ṣojú rẹ̀ rí, á ti lọ dáná fún ọkọ rẹ̀.

Ọ̀gá mu ife kan, ó gba òmíràn. "Ìyàwó, níbo ni wáìnì yìí ti wá?"

Èmi òmùgọ̀, mo ní, "Ilẹ̀ Faransé ni, sà."

Ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi gbé abọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Faransé kẹ̀! Àǹtí, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run o! Ọ̀gá, na wọ́ọ̀fù wáìnì. Na ṣúgà àti ọsàn dey cover am!"

Ọ̀gá rọra gbé ife sílẹ̀, ó kọjú sí ọkọ mi. "Akọ̀wé, ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń kọ ìwé wa?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ọkọ mi. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, àwọn ẹlòmíì ni mo rò pé wọ́n ń bá wí. Títí dòní mo ṣì ń po wáìnì yẹn fáwọn àlejò ọmọ mi, n kò kàn pè é ní Faransé mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan ilẹ̀kùn, bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. "Àǹtí, ẹ yá mi ní jọ́ọ̀gù yẹn. Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́la. Ó ní ká ṣe irú wáìnì yẹn fóun, ká má ṣáà parọ́."

Mo fọ jọ́ọ̀gù, mo gbé e fún un. Ó ń ka ìka: ṣúgà, atalẹ̀, èèpo ọsàn, kó sùn mọ́jú. "Àǹtí, ṣé kò sí èyí tí mo gbàgbé?"

Mo wò ó lójú. Mo ní kò sí.