Ọdún Tí Wọ́n Fi Mí Sí Abẹ́ Agbọ̀n

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: nígbà kan rí, níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tí a jọ ń díje. N kò sọ ọ́ nù, kò sì já a gbà. Mo gbé e fún un ni. Mo tún tẹríba.

Ìró bọ́ọ̀lù ló rán mi létí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ri òpó méjì sẹ́yìn ilé mi níhìn-ín l'Ọ̀wọ̀. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọn a máa lu bọ́ọ̀lù wọn mọ́ sìmẹ́ńtì: gbì, gbì, gbì. Ìyàwó mi ní ariwo náà ń fọ́ òun lórí. Èmi, kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Mo kàn ń jókòó gbọ́ ọ ni, bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù ilé onílé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Nígbà tí òmìnira ṣì ku ọdún mélòó kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí mo lọ ti ní pápá tirẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀, eruku ni yóò kọ́kọ́ dìde, bọ́ọ̀lù á wá tẹ̀lé e. Igi ni òpó rẹ̀, irin róbótó tó wà lókè sì jẹ́ ìdè àgbá tí alágbẹ̀dẹ kan bá wa tún rọ. Kò ní àwọ̀n. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá kọjá níbẹ̀, ìjà ló kù: "Ó wọlé!" "Irọ́ ńlá! Ẹ̀gbẹ́ ló gbà!"

Tíṣà Ajíbádé, ọmọ Ìdògún, ló kó eré náà wá bá wa. Èèyàn kúkúrú ni, orí rẹ̀ kò tó èjìká mi. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn àwa ẹni gíga bí ẹni fẹ́ràn àkàbà. Méjì ni wá: èmi àti Bándélé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. A jọ ń sun yàrá kan, ẹsẹ̀ àwa méjèèjì a sì máa yọ jáde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bándélé fẹ́ràn eré yìí débi pé ọsàn tútù ló fi ń dánra wò nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ọ̀lù mọ́lé. Èmi ńkọ́? Wọ́n yàn mí nítorí pé mo ga ni. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé, èmi náà ni wọn ì bá yàn.

Láyé ìgbà náà, amọ̀ la fi ń kọ́lé. Àwọn tó wà nílẹ̀ á po amọ̀, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á jù ú sókè fún ẹni tó dúró lórí ògiri. Ohun tí Tíṣà fi kọ́ wa nìyẹn.

"Ẹni tó wà lórí ògiri, ṣé ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gba amọ̀?"

"Rárá, sà!"

"Tó bá gbà á, ṣé ó ń gbé e padà wálẹ̀?"

"Rárá, sà!"

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin òpó méjì yìí ń gbé bọ́ọ̀lù wálẹ̀ kí àwọn kúkúrú lè jí i?"

Ètò rẹ̀ kò le. Bándélé á dúró láàárín, á kọjú sí agbọ̀n. Èmi á dúró nídìí òpó, màá kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń ṣọ́ mi, màá na ọwọ́ sókè. Àwọn kúkúrú á gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Bándélé, òun á jù ú kọjá lórí gbogbo èèyàn sí mi, màá yí padà, màá fi í sínú agbọ̀n. Bí ẹni méjì bá dì mọ́ mi, kí n jù ú síta fún ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. "Ẹni gíga kì í sáré kiri bí ewúrẹ́," ni Tíṣà máa ń wí. "Ibi tí gíga rẹ̀ ti wúlò ni kó dúró sí."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa kò rí ti eré rò. Nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti lù wá nínú eré léraléra, ó dìde lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ó ní bí a bá tún fìdí rẹmi lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ yìí, òun á hú òpó, òun á gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ó ní ẹ̀gẹ́ kì í dójú ti ẹni tó gbìn ín. Bándélé kò jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ọjọ́ eré pé, lọ́rí àwọn àlejò dé. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi bọ́ sílẹ̀, mo wò ó: Bọ̀dá Sámúẹ́lì ni, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, agbo ilé kan náà. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe nígbà náà. Ó ti gbé mi kọ́rùn lọ sóko rí. Ó sì ti nà mí rí, mo sì jẹ̀bi. Nílé wa, a kì í kọ ẹ̀yìn sí àgbà, a kì í gbọ́wọ́ lé e lórí, bó bá sì nawọ́ sí nǹkan, ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e fún un. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí Tíṣà gbé lé mi lọ́wọ́.

Ara mi kú. Ẹ̀rù tó ń mú èèyàn gbọ̀n sàn ju èyí lọ. Ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ tí mo yá. Bándélé ju bọ́ọ̀lù, ó wá bà sí mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Bọ̀dá nawọ́, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Àbúrò, gbé e wá." Mo gbé e fún un. "O ṣeun," ló wí, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ló bá ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí agbọ̀n wa. Tíṣà jókòó sórí ilẹ̀. Bándélé wò mí títí, ó ní, "Ṣé kí n lọ bu omi wá fún wọn náà?"

Pápá náà kò di oko ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ìsinmi ìdajì eré, mo kọ ẹ̀yìn sí Bọ̀dá, mo nawọ́ sókè, Bándélé sì ń ju bọ́ọ̀lù sí mi títí a fi borí wọn, pẹ̀lú díẹ̀ báyìí. Ọ̀gá wa fi ìka méjì pàtẹ́wọ́.

Bándélé kú lásìkò òjò tó kọjá. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́," mo sì jẹ oúnjẹ mi tán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí ẹkún. Kò tíì dé.

Kò sẹ́ni tó ń ju amọ̀ sókè mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo wa fi ń kọ́lé. Síbẹ̀, bí mo bá yọjú láti fèrèsé, mo ń rí i pé ìdí òpó ni wọ́n ṣì ń fi ẹni gíga sí, tó kọ ẹ̀yìn, tó nawọ́ sókè. Bí wọ́n bá sì rí mi, wọn a di bọ́ọ̀lù mú, wọn a dọ̀bálẹ̀, "Ẹ káalẹ́, sà," kí wọ́n tó máa bá eré wọn lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló yí mi padà lọ́jọ́ náà. Nígbà ìsinmi eré náà, mo dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Bọ̀dá Sámúẹ́lì rìn kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fà mí létí dìde.

"Ta ni àgbà nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá."

"Èmi àgbà ni mo wá ní kí o kọ ẹ̀yìn sí mi, kí o sì gbọ́wọ́ lé mi lórí. Bí o bá tún gbé bọ́ọ̀lù yẹn fún mi, màá sọ fún Bàbá nílé pé o ti ya aláìgbọràn."