Bísápù Tí Mi Ò Kà

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láyé ìgbà yẹn, ìṣirò ìwádìí ni mo kọ́. Bébà la fi ń ṣe é: a ó lọ láti ilé dé ilé, a ó bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè, a ó wá jókòó ṣírò títí ọrùn á fi máa dùn wá. Mo ṣì ń rántí òórùn yíǹkì yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá bá bàbá mi ta aṣọ ní Abidjan, ìṣirò sì di ìrántí.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn lọ́jọ́ tí ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé kọ̀ǹpútà wá sílé wa ní Koumassi, àdúgbò wa ní Abidjan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó ìdáhùn ọ̀pọ̀ èèyàn jọ nípa oúnjẹ àti ìrìn wọn, kí kọ̀ǹpútà lè sọ ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bọ̀ wá bá, kí wọ́n lè dènà rẹ̀ kó tó dé. Àtọ̀gbẹ ló gba ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré létí mi.

"Papi," bó ṣe ń pe èmi bàbá àgbà rẹ̀ nìyẹn, "ohun mímu dídùn, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?"

"N kì í ra ohun mímu dídùn."

Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Àwọ̀ ewé jáde: kò séwu. Mo na àyà bí ẹni tó yege ìdánwò.

Ìyàwó mi, tó ń ṣa ìrẹsì, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń kí gbogbo ìsọ̀ ọjà Treichville láràárọ̀? Ìsọ̀ wo lẹ dé tí wọn ò gbé bísápù tútù fún yín?"

Òótọ́ ló sọ. Láàárín àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí, ẹni tó bá kọ ife àlejò, ìjà ló ń wá. Sóbò tí wọ́n ń pè ní bísápù níbí, mo ń mu ife mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, kó tó di ọ̀sán, ṣúgà rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ètè. Torí pé wọ́n fún mi ni, mi ò kà á. Èmi tí mo kọ́ ìṣirò!

Ọmọ náà tún un tẹ̀. Pupa.

"Papi, lọ́la, ẹ̀jẹ̀." Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí yé mi.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Àtọ̀gbẹ kò tíì wọlé, ẹnu ọ̀nà ló wà. Dókítà ní bí mo bá tètè jáwọ́, ó ṣeé lé padà.

Báyìí, omi inú ike ni mo ń gbé kiri. Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Àlàájì, ṣé a fi májèlé sí tiwa ni?"

Mo ròyìn kọ̀ǹpútà fún un. Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Ọmọ yẹn, ṣé ó lè dé Treichville?"

"Ó ń bọ̀ ní Sátidé. Àmọ́ ka èyí tí wọ́n fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ ọn o."